Bátìrì Wọ́kì-tọ́kì Tí Ó Kú, Ẹ Má Fi Wáyà Jí I

Ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní ìpàdé wa tí ó kọjá ni mo fẹ́ sọ sí lóṣù yìí, èyíinì ni ọ̀rọ̀ bátìrì wọ́kì-tọ́kì àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ ìsọ̀ àti oko wa. Bátìrì mẹ́fà ni kò gba iná mọ́. Apá kan ní kí a kó wọn dànù, kí a ra tuntun. Apá kejì ní a kì í fi owó ẹgbẹ́ ṣòfò bẹ́ẹ̀, kí a gbé wọn lọ bá àwọn rewáyà létí títì, pé tí wọ́n bá fi wáyà so wọ́n mọ́ bátìrì mọ́tò fún ìṣẹ́jú kan péré, wọn yóò jí. Èmi kò sí lẹ́yìn apá kankan nínú méjèèjì.

Gbogbo wa la mọ ibi tí a ń gbé. Oríta ni Orè. Títì Èkó sí Bìnì gba ibẹ̀ kọjá, ti Oǹdó wọlé láti òkè, ti Òkìtìpupa láti ìsàlẹ̀, igbó ìjọba Olúwa sì tẹ́ lọ rẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé lójú títì yìí kì í ṣe ìròyìn tuntun fún ẹnikẹ́ni nínú yín. Láti 2020 tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, wọ́n ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n wọn kò lè dúró sí ẹnu ọ̀nà oko kọ̀ọ̀kan. Fóònù wà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí ó bá ti wọ inú oko kòkó lọ́nà Araròmí-Obù mọ bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀. Wọ́kì-tọ́kì kò bèèrè òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọdẹ tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lóru tí kò dún, ó dá wà nìyẹn.

Àṣà àtijọ́ ló ń pa àwọn bátìrì wọ̀nyí. Bátìrì tí rédíò àwọn ọlọ́pàá ń lò láyé ọjọ́un, nickel-cadmium ni wọ́n ń pè é. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tí ń lò ó ni pé kí ó lò ó tán pátápátá kí ó tó fi í sí ṣájà. Bí ó bá sì kú, àwọn oníṣẹ́ kan a máa fi iná ńlá gbọ̀n ọ́n, á sì padà wá sáyé. Ti ìsinsìnyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lítíọ́mù ni. Ọdún 1991 ni Sony kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ sọ́jà, àwọn mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn bí i, Goodenough, Whittingham àti Yoshino ará Japan, sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Lítíọ́mù kò fẹ́ kí a lò ó tán rárá. Ọdẹ tí ó ń lò ó títí tí yóò fi dákẹ́, tí ó rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀, ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọmọ bátìrì méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tiwa, fóòtì 7.4 ni wọ́n jọ ń gbé. Bí ó bá kún, ó di 8.4; bí ó bá wá sí 6, kò sí nǹkan gidi nínú rẹ̀ mọ́. Pátákó kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ń ṣe bí ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà. Bí iná bá já wálẹ̀ tó bíi fóòtì 5, pátákó yìí a ti ilẹ̀kùn. Ẹ ó fi mítà kàn án, mítà á ní òdo. Ẹ ó fi í sí ṣájà, ṣájà á ṣe bí ẹni pé kò rí i. Gbogbo ayé á ní ó ti kú, àṣé oorun ló ń sùn. Èyí ṣeé jí.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e jù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀, yóò máa já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pátákó náà pàápàá ń mu nínú rẹ̀. Tí ọmọ bátìrì kọ̀ọ̀kan bá ti wà lábẹ́ fóòtì 1.5 ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Bàbà tí ó wà nínú rẹ̀ ti ń yọ́. Bí ẹ bá fún un ní iná padà, bàbà yẹn á lọ dì síbi tí kò yẹ, ó sì lè so apá méjèèjì pọ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ó lè tan iná aláwọ̀ ewé, kí ẹ máa dúpẹ́, kó wá gbóná lóru ọjọ́ kan nínú àpò ọdẹ, tàbí nínú sítọ̀ láàárín àpò kòkó ẹni ẹlẹ́ni.

Ìjà tèmi pẹ̀lú wáyà bátìrì mọ́tò nìyẹn. Fóòtì 12 ni bátìrì mọ́tò, iná rẹ̀ pọ̀, kò sì sí ohun tí ń dá a dúró. Bátìrì wa kò gbọdọ̀ gbà ju 8.4 lọ, nígbà tí ó bá sì ṣòfo tó báyìí, ìdámẹ́wàá iná tí a ń fún un tẹ́lẹ̀ ló yẹ kí ó kọ́kọ́ máa mu. Ẹni tí ebi ti pa fún ọjọ́ púpọ̀, ṣé iyán odindi odó la ó kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀?

Ẹni tí yóò jí i gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rédíò, tí ó ní ẹ̀rọ iná tí ó ṣeé dín kù. Kí ó fi í sí fóòtì 8.4 àti áńpíà 0.1, kí bátìrì náà wà lórí sìmẹ́ńtì ní ìta, kí ẹnì kan jókòó tì í. Láàárín wákàtí kan ó yẹ kí ó ti kọjá fóòtì 6, nígbà náà ṣájà rẹ̀ lè gbà á. Bí kò bá gòkè, tàbí tí ó gbóná, tàbí tí ó wú, ẹ yọ ọ́. Àwọn ṣájà tí ó dára ń ṣe iṣẹ́ yìí fúnra wọn, nítorí náà ẹ fi bátìrì sínú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó ní ó kú. Èyí tí ó bá sì jí, lójú tèmi, iṣẹ́ ọ̀sán ni kí a fún un, bíi pípe àwọn alábàárù níbi ìwọ̀n kòkó. Kí a má fún ọdẹ òru.

Ní ti ìtọ́jú, ibi tí wọ́n ti ń kú jù ni pẹpẹ. Iṣẹ́ tán, a gbé rédíò sílẹ̀ pẹ̀lú bátìrì òfìfo, lábẹ́ páànù tí oòrùn ń sun. Kí ẹnì kan ṣoṣo jẹ́ alábòójútó ṣájà. Bí a kò bá ní lò wọ́n, kí ó yọ bátìrì kúrò lára rédíò, kí ó fi iná ìdajì sí i, kí ó tọ́jú rẹ̀ síbi tí ó tutù, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù méjì-méjì. Bí iná BEDC kò bá wá, jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì wà fún irú nǹkan báyìí.

Mo ń mú un wá sí ìpàdé tí ń bọ̀ pé kí owó bátìrì tuntun wọ inú ètò ìnáwó wa lọ́dọọdún, bí a ti ń ṣe fún tọ́ọ̀ṣì àti bàtà òjò àwọn ọdẹ. Nínú mẹ́fà yìí, mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ nínú òjò yìí ni. Àwọn la ó dán wò. Ọ̀kan ti wà nílẹ̀ láti ọdún tó kọjá, méjì sì ti wú. Mo ti lẹ tépù mọ́ ojú irin àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, wọ́n wà nínú garawa oníyanrìn lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ mú wọn níbẹ̀, kódà bí rewáyà bá ní òun yóò rà wọ́n.