Ta Ló Ń Tọ́jú Lẹ́tà Àwọn Òǹkọ̀wé Wa?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè dun àwọn kan, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè. Ohun kan wà tí àwa ará Mowe, Ibafo àti Ifọ̀ ń sọ nù lójoojúmọ́ tí a kò sì kà á kún àdánù. Ohun náà ni lẹ́tà, ìbuwọ́lù àti fọ́tò àwọn òǹkọ̀wé wa. Ilé ìwé ló yẹ kó máa kó wọn jọ, kó sì máa tọ́jú wọn, kí iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ ní táàmù yìí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní, "Ìbuwọ́lù kẹ̀? Ṣé òun la ó jẹ ni?" Ṣùgbọ́n ẹ wo bí èrò ṣe máa ń ti ara wọn ṣubú nígbà tí aláwàdà orí fóònù kan bá dé gbọ̀ngàn, kí ó ṣáà lè fi báírò kọ orúkọ sí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì wọn. N kò bá aláwàdà jà. Wọ́n ń pa èmi náà lẹ́rìn-ín. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé a mọ̀ dáadáa pé ohun tí ọwọ́ ẹni iyì bá kàn níye lórí. Òǹkọ̀wé nìkan ni a kò kà mọ́ ẹni iyì.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ láti ilé. Okenla, ní agbègbè Ifọ̀ níhìn-ín, ni wọ́n ti bí Olóyè Isaac Delano ní 1904. Òun ló kọ Aiyé D'Aiyé Òyìnbó, tó jáde ní 1955. Ní 1958 ó gbé ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ní 1966 ó tún gbé Òwe L'Ẹṣin Ọ̀rọ̀ jáde. Mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn ti rí fọ́tò rẹ̀ rí. Kò sí ẹni tó nawọ́. Nígbà tí mo bèèrè Shakespeare, tó ti kú láti 1616, gbogbo wọn ló mọ orí rẹ̀ tó pá níwájú àti yẹtí tó wà létí rẹ̀, torí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri yàrá ìkàwé wa. Kò burú kí Shakespeare wà níbẹ̀. Kí ló wá dé tí ọmọ Okenla kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ọ̀kadà lásán ló ń gbé ènìyàn láti Ifọ̀ dé Okenla.

Olùkọ́ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún sọ fún mi pé ìwé tí a tẹ̀ ti tó, pé kí ni a fẹ́ fi ìwé àfọwọ́kọ ṣe nígbà tí ìwé fúnra rẹ̀ wà lórí igbá. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ìlú Òyìnbó, ó sì sọnù sí wọn lọ́wọ́. Johnson kú ní 1901 láì rí i. Kí ló gba ìtàn wa là? Àwọn àkọsílẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó kù nílé, ni. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, jókòó tì wọ́n, ó sì fi wọ́n tún ìwé náà kọ. Nígbà tó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ òkun Appam tó gbé e bọ́ sọ́wọ́ ọkọ̀ ogun Jámánì, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. (Möwe ni orúkọ ọkọ̀ ogun náà. Ẹ̀yin ará Mowe, ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe àwa.) Ó di 1921 kí The History of the Yorubas tó jáde, Obadiah pàápàá sì ti kú ní 1920. Bí ẹbí yẹn bá ti ta àwọn àkọsílẹ̀ náà fún alákàrà, kí ni à bá máa kà lónìí nípa ogun Kírìjì?

Alákàrà tí mo dárúkọ yẹn, n kò fi ṣe àwàdà. Ní Ibafo, bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà, tí òun àti àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá jọ kọ lẹ́tà síra wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá fi ọ̀kan hàn mí rí, yíǹkì aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́ sì ń bá bàbá jiyàn lórí àmì ohùn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ojú ìwé méjì gbáko. Nígbà tí bàbá jáde láyé, wọ́n dá aṣọ ẹbí, wọ́n pa màlúù. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n fẹ́ fi yàrá rẹ̀ gba ayálégbé. Wọ́n kó gbogbo ìwé inú rẹ̀ sínú àpò, wọ́n fi kílò wọ̀n ọ́n, wọ́n tà á. Owó tí wọ́n rí níbẹ̀ kò tó owó ọkọ̀ láti Ibafo dé Èkó. Ẹ má sọ fún mi pé òṣì ló fà á. Màlúù kì í ṣe ẹran òtòṣì.

Àwọn mìíràn ní kí a fi í lé Òyìnbó lọ́wọ́, torí wọ́n mọ nǹkan í tọ́jú. Òótọ́ ni, wọ́n mọ̀ ọ́n. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Amos Tutuola ní 1920. Iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ló ń ṣe nígbà tí The Palm-Wine Drinkard jáde ní London ní 1952. Yunifásítì Texas, ní Austin, ni àwọn ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ wà. Àwọn ìwé Wọlé Ṣóyínká àti ti Chinua Achebe wà ní Harvard. Lẹ́tà Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther wà ní Birmingham. N kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Wọ́n rí ohun tó níye lórí, wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ifọ̀ tó bá fẹ́ rí bí ọwọ́ ìkọ̀wé Tutuola ṣe rí yóò kọ́kọ́ lọ tọrọ físà. Kì í sì í ṣe pé àwa kò lè tọ́jú nǹkan: ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn ni àwọn ìwé Herbert Macaulay, tó kú ní 1946, wà.

Mo ní láti bá àwa ọ̀dọ́ náà wí. Ìbuwọ́lù lásán kò tó. Ẹni tó bá ní ìbuwọ́lù ogún òǹkọ̀wé, tí kò ka ìwé ẹyọ kan nínú tiwọn, kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń kó ìdérí ìgò jọ. Lẹ́tà ni kí a máa bèèrè, kí a sì bi wọ́n ní ìbéèrè tó fi hàn pé a ti kàwé wọn. Mo kọ ọ̀kan sí bàbá àgbà kan tó kọ eré tí a kà ní kíláàsì. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ọmọ inú eré náà kò padà sílé. Èsì wọn dé lẹ́yìn oṣù méjì. Wọ́n kọ́kọ́ kọ "ẹ̀rù," wọ́n fi ìlà pa á, wọ́n wá kọ "ojora" sórí rẹ̀. Ìlà yẹn kọ́ mi ju odidi èsì náà lọ: ẹni tó ti ń kọ̀wé láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣì ń wá ọ̀rọ̀! Ìwé títẹ̀ kò lè fi ìyẹn hàn mí, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù kò sì lè fi í hàn.

Ohun tí mò ń bèèrè kò wọ́n. Kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ní kọ́kọ́rọ́, níbi tí oòrùn àti òjò kò lè dé, tí a gbé kúrò lára ògiri àti ilẹ̀ nítorí ikán. Owó gáùnù àti fìlà ìkẹ́kọ̀ọ́jáde tí a ń rà fún ọmọ ọdún márùn-ún á ra irú rẹ̀, yóò sì ṣẹ́kù. Kí a fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ àti orúkọ sí ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Kí a fi fóònù ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe laminéṣọ̀n, torí ọ̀rá gbígbóná yẹn ń ba ìwé jẹ́ ni, kò sì ṣeé bó mọ́. Ẹ má sì fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya. Ní ti Delano, kí àwọn ilé ìwé Ifọ̀ tọ ẹbí wọn lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ̀dà ni kí wọ́n tọrọ, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Àwọn òǹkọ̀wé tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ṣì wà láàyè láàárín wa, ọwọ́ àwọn mìíràn sì ti ń gbọ̀n. Kíláàsì wa fẹ́ kọ lẹ́tà sí mẹ́ta nínú wọn kí táàmù yìí tó parí. A ti rí àdírẹ́sì méjì.