Mọ́dábọ́ọ̀dù fún Ẹni tó Fẹ́ Lo Linux

Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń so mọ́, tó sì jẹ́ pé Linux, ètò ìṣiṣẹ́ tí kóòdù rẹ̀ ti wà ní gbangba láti ọdún 1991, ló fẹ́ fi sí i, kò gbọdọ̀ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lára páálí nìkan, nítorí pé ọwọ́ àwọn chip kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó náà ni ọ̀rọ̀ wà. Chip kọ̀ọ̀kan nílò dráífà, èyí tí í ṣe ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá a sọ̀rọ̀, inú kernel, tí í ṣe ọkàn Linux, sì ni ọ̀pọ̀ dráífà wọ̀nyí ń gbé. Wi-Fi ni wàhálà ti sábà ń yọjú. Kernel 5.12, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ni dráífà chip MT7921 tí MediaTek ṣe kọ́kọ́ wọ̀, bẹ́ẹ̀ kernel 5.10 ni Debian 11, ọ̀kan lára àwọn oríṣi Linux, gbé wá ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó fi owó gidi ra pátákó tuntun lè bá Wi-Fi tí kò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Pátákó tó ti pẹ́ díẹ̀ lórí àtẹ sàn ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ó tọ́ kí òǹrajà fi fíláàṣì tí Linux wà lórí rẹ̀ tan kọ̀ǹpútà tó ń lo irú pátákó náà, kí ó tẹ àṣẹ lspci -k, kí ó sì wò ó bóyá orúkọ dráífà hàn lábẹ́ chip Wi-Fi, ti okùn íntánẹ́ẹ̀tì àti ti ohùn.