"Kò Ní Májèlé" Kì Í Ṣe "Ó Ṣeé Jẹ"

Mo fẹ́ fi ẹjọ́ àwọn tí ń ta ìyẹ̀fun dídán sùn yín, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fọ́n sórí bisikíìtì àti kéèkì ọmọdé. Wọ́n á kọ ọ́ sára ike òmíràn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kò ní májèlé, ẹni tí ó rà á yóò sì gbà pé oúnjẹ ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ka èdè? Yanrìn odò náà kò ní májèlé. Ta ni ó ń fi jẹ ẹ̀kọ?

Ní ọdún 2018, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, ọmọdé mẹ́fà jẹ kéèkì ọjọ́ìbí tí a fi irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n fi ṣeré. Bàbà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, irin tí a fi ń ṣe wáyà iná!

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní ọ̀rọ̀ lásán ni mò ń jà lé lórí. Rárá o. Gbólóhùn ìyísódì ni "kò ní májèlé". Kò ṣèlérí ohunkóhun fún ikùn. Èyí tí ó ṣeé jẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ èròjà rẹ̀: ṣúgà, ìyẹ̀fun àgbàdo, aró oúnjẹ. Bí ẹ kò bá rí wọn lára ike, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.