Ẹni Tí Ó Ń Lọ Tí Ó Ní Òun Ń Bọ̀

Nínú gbogbo ohun tí àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ń bá àwọn ọmọ wa wí, bóyá ni a rí èyí tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀ tó ti ọmọ tí ó dìde lórí àga, tí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà níta, tí ó sì ń wí pé "I am coming". Lójú tèmi, ẹ̀fẹ̀ náà ti yá jù.

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ mọ́ lílọ àti bíbọ̀, àwọn bí "stroll" àti "strut" kò fi bẹ́ẹ̀ dà wá láàmú, nítorí ẹni tí ó bá ti mọ ìyàtọ̀ tí ń bẹ láàárín kí ènìyàn máa rìn gbẹ̀rẹ̀ àti kí ó máa yan fanda ti mọ̀ wọ́n tán. Àwọn kéékèèké bí "come" ni kí a bẹ̀rù. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

"Bọ̀" tí à ń wí kì í ṣe "wá" lásán. Ìpadà ń bẹ nínú rẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má rele, nígbà tí a bá sì ń pínyà pàápàá, "ó dàbọ̀" ni à ń wí, "ẹ kú àbọ̀" ni a ó sì fi pàdé ẹni tí ó dé. "Come" kò mọ ti ìpadà. Ibi tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ wà, tàbí ibi tí ẹni tí ń gbọ́ wà, ni ó ń wò. Nítorí náà ni Òyìnbó tí wọ́n pè wá jẹun ṣe lè dáhùn láti yàrá pé "I'm coming" láìsí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín: ọ̀dọ̀ ẹni tí ó pè é ni ó dojú kọ. Ti ọmọ wa, ẹ̀yìn ni ó kọ sí i.

"Follow" náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tí ó ní kí ọ̀rẹ́ òun "follow" òun lọ sọ́jà, ohun tí ó ń fẹ́ ni kí wọ́n jọ rìn, kí wọ́n máa tàkúrọ̀sọ lọ. Òyìnbó tí ó gbọ́ ọ, ẹ̀yìn ni yóò bọ́ sí.

Èmi kò ní kí a gba "I am coming" yẹn wọlé nínú ìwé ìdánwò. "I'll be back" ni àwọn tí ó ni èdè náà ń wí, òun náà ni kí ọmọ kọ. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tó fi tádàwà pupa fagi lé e, kí ó kọ́kọ́ bi ọmọ náà léèrè ohun tí ó ní lọ́kàn ní Yorùbá, kí ó sì fi oríta tí "bọ̀" àti "come" ti pínyà hàn án.