Ẹ Má Fi Ojú Fóònù Nìkan Wo Oko Yín

Ohun tí ojú mi rí ní oko ẹ̀gẹ́ kan ní ìgbà òjò ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá tí ó ni oko náà fẹ́ fa gbogbo ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tu. Ọmọ rẹ̀ ti fi fóònù ya àwòrán ewé kan tí ó ti pọ́n, ẹ̀rọ náà sì dáhùn pé àrùn mòsáíìkì ni.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a kọ́kọ́ rin oko náà yí ká. A rí i pé ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ nìkan ni ewé ti ń pọ́n. Ní apá òkè, gbogbo rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ewé tí ó pọ́n náà kò ká kò, kò sì lọ́, bí mòsáíìkì ti máa ń ṣe é. A hú ìdí igi kan, gbòǹgbò rẹ̀ ti ń jẹrà. Omi tí ó dúró sílẹ̀ ni ó ń ba ẹ̀gẹ́ náà jẹ́. Kòtò tí omi yóò gbà ṣàn lọ ni oko náà nílò. Díẹ̀ ló kù kí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù run.

Èmi kò sọ pé ọgbọ́n àtọwọ́dá tí àwọn onímọ̀ fi sínú ẹ̀rọ kò wúlò. Ètò kan wà tí ń jẹ́ Nuru, tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, jọ ṣe. Ó ń wo àrùn ewé ẹ̀gẹ́ lórí fóònù, kódà níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ìdánwò tí a tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2020, ó mọ 65 nínú 100. Àwọn òṣìṣẹ́ bíi tèmi mọ 40 sí 58; àwọn àgbẹ̀ mọ 18 sí 31. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fi ẹ̀rọ náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi ewé mẹ́fà lára igi kan hàn án, ó mọ 74 sí 88. Ohun tí a bá fi han ẹ̀rọ nìkan ni ó lè mọ̀. Ní 2016, àwọn onímọ̀ kan lo àwòrán ewé tí ó lé ní 54,000 láti kọ́ ẹ̀rọ àti láti dán an wò. Lórí àwòrán tí ó jọ èyí tí wọ́n fi kọ́ ọ, ó gba ohun tí ó lé ní 99 nínú 100. Lórí èyí tí a yà níbòmíràn, ó gba nǹkan bí 31 péré. Àwọn baba wa ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Àwọn kan ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí fóònù ti dé, a kò nílò òṣìṣẹ́ tí ń bẹ oko wò mọ́. Mo lòdì sí i pátápátá. Fóònù kò mọ ohun tí ẹ gbìn ní èṣí. Kò mọ̀ bóyá atẹ́gùn gbé oògùn apakoríko wá láti oko ẹlòmíràn. Kò lè fọwọ́ kan ilẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹ fi ewé púpọ̀ han ẹ̀rọ, láti ara igi púpọ̀. Ẹ rin oko yín, kí ẹ wo ibi tí àìsàn náà wà àti ibi tí kò sí. Ẹ hú igi kan wò. Kí ẹ tó fa ọ̀gbìn tu, tàbí kí ẹ tó náwó sí oògùn, ẹ ránṣẹ́ pe òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ agbègbè yín. Bí ó bá sì jẹ́ mòsáíìkì ní tòótọ́, kò sí oògùn tí a lè fọ́n tí yóò wò ó sàn. Igi ẹ̀gẹ́ tí ó mọ́, àti irú tí ó lè kojú àrùn náà, bí TME 419, ni ààbò wa.

Bí ìdáhùn ẹ̀rọ bá ṣì, ẹ̀rọ kọ́ ni ebi yóò pa. Ẹ fi ojú ara yín wò ó. Oko yín kò ní bàjẹ́ o.