Ti Ọrùn Olùkọ́ Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò



Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ẹ̀kọ́ fún gbogbo Nàìjíríà jókòó sí Àkúrẹ́, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Túnjí Aláùsá, kéde pé a ti fagi lé ìlànà ọdún 2022, èyí tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti jẹ́léósinmi dé yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Ìdí tí ó sọ ni pé ibi tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń kùnà jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti bínú, ìbínú náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kò tíì bèèrè: ta ni ó kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí ni a sì fi mọ̀ pé olùkọ́ náà lè fi èdè méjèèjì kọ́ni? Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à á kọ́kọ́ wò. Láti ọdún 1977 ni ìlànà ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ti ní kí a fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. A kò wo ọrùn olùkọ́.

Ẹ wo ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́. Ìwé-ẹ̀rí NCE ni ó kéré jù. Lẹ́yìn èyí, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ olùkọ́. Àjọ náà pín olùkọ́ sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, láti orí ẹni tí ó gboyè ọ̀mọ̀wé dé orí ẹni tí ó ní NCE. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Kò sí ibi tí a ti ń bi olùkọ́ léèrè pé: ṣé o lè fi Yorùbá ṣàlàyé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún ọmọ ọdún méje? Ṣé o lè fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ? Ṣé èdè tí ọmọ yìí ń sọ nílé yé ọ?

Ohun tí èyí ń bí kò kéré. Ní agbègbè wa, láti Ọ̀wọ̀ dé Ìpele, a máa ń fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, a sì ní ìró gh tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní. Ọ̀ghọ̀ ni àwọn onílé ń pe Ọ̀wọ̀. Mo ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì kan, n kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí ọmọ kan dáhùn ìbéèrè gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń sọ ọ́. Olùkọ́ fi í rẹ́rìn-ín, kíláàsì sì bá a rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò la ẹnu mọ́ ní ọjọ́ náà. Nígbà tí ẹ̀kọ́ kan àwọn òrìṣà, olùkọ́ kan náà ní Èṣù ni Sátánì, ó sì ṣí ojú ewé tí ó kàn. Inú Bíbélì tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Kò sí ẹni tí ó bi í, kí ó tó gbaṣẹ́, bóyá ó mọ̀ pé Èṣù ni ó ń gba ẹbọ, tí ó ń gbé e dé ibi tí ó ń lọ. Ọmọ tí wọ́n ń bọ Èṣù nílé wọn wà lórí ìjókòó níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni a ti rí i bí ó ṣe yẹ kí ó rí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ; olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dájú ni ó sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìwádìí parí, wọn kò gbẹ́yìn àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àbájáde yìí ni gbogbo wa máa ń tọ́ka sí. Ohun tí a máa ń gbàgbé ni pé wọ́n kọ ìwé fún iṣẹ́ náà, wọ́n sì múra olùkọ́ sílẹ̀. Ní Texas, ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ tí yóò fi Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Spanish kọ́ni ní láti yege nínú ìdánwò ọ̀tọ̀ lórí gbígbọ́, sísọ, kíkà àti kíkọ Spanish. Pé ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́ kò tó.

Ẹ jẹ́ kí n yíjú sí wa wàyí. Mo máa ń gbọ́ láàárín wa pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni ìwé-ẹ̀rí, pé ọmọ babaláwo ti tó olùkọ́. N kò gbà. Ta ni ó mọ ìdánwò jù wá lọ? Ọmọ awo a lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́sẹ̀ olúwo. A kọ́ Odù 256, a kọ́ ẹsẹ, ẹbọ àti ewé. Àwọn àgbà awo a sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó jẹ́ kí ó dá Ifá fún ẹlòmíràn. A kì í torí pé bàbá ẹni jẹ́ awo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ lé ni lọ́wọ́. Ẹ sì wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, Àwíṣẹ Àgbáyé, tí ó ṣe gíwá Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1982 sí 1989: ìmọ̀ awo àti ìwé-ẹ̀rí kò bá ara wọn jà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń fẹ́ kí a béèrè. Èkíní, kí ẹni tí yóò kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ṣe ìdánwò ní èdè méjèèjì, kí ó sì fi Yorùbá kọ́ ìṣirò lójú àwọn adánniwò. Èkejì, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́, bí Adéyẹmí ní Oǹdó, kọ́ wọn bí a ti ń gba ẹ̀ka èdè ọmọ dé Yorùbá àjùmọ̀lò, kí wọ́n sì kọ́ wọn ní òtítọ́ nípa àwọn òrìṣà. A kò ní kí wọ́n bọ wọ́n. Ẹ̀kẹta, kí a fún àwọn àgbà tí ó mọ oríkì, ìtàn àti ewé ní ìwé-àṣẹ àti owó oṣù láti máa ran olùkọ́ lọ́wọ́, lẹ́yìn tí a bá ti kọ́ wọn bí a ti ń tọ́jú kíláàsì.

Àwọn kan yóò ní olùkọ́ kò tó, pé ìdánwò yóò lé àwọn tí ó kù lọ. Ẹ rántí ọdún 1955. Olóyè Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀, wà lára àwọn tí ó ṣe ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ lọ nígbà náà. Ìjọba kò torí rẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni wọ́n dá sílẹ̀ sí i.

Àbújá nìkan kọ́ ni ó ni ètò ẹ̀kọ́. Ìpínlẹ̀ lágbára lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ̀wé sí ìjọba Oǹdó, kí a sì rán àwọn ọmọ wa tí ó gbọ́ Ifá lọ gba NCE. Bí ilẹ̀kùn bá tún ṣí lọ́la, kí ó bá olùkọ́ wa ní ìdúró. Èdè kọ́ ni ó kùnà. Àwa ni a kò wo ọrùn ẹni tí a gbé e lé lọ́wọ́.

Ìṣẹ̀ṣe làgbà. Àṣẹ.