Góòlù Nìkan Kọ́ Ni Òṣùwọ̀n

Ta ló wúlò jù nínú ikọ̀ bọ́ọ̀lù? Nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà tó parí ní Côte d'Ivoire ní 2024, Emilio Nsue ló gbá góòlù wọlé jù, márùn-ún. Síbẹ̀, William Troost-Ekong, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó ṣe balógun Super Eagles lórí pápá nígbà náà, ló gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù, bí Nàìjíríà tilẹ̀ fìdí rẹmi ní àṣekágbá. Ìdí kò jìnnà: góòlù méjì péré ló wọ ilé Nàìjíríà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ sì gbá mẹ́ta wọlé nínú gbogbo ìdíje náà. Ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ má ka góòlù nìkan. Ẹ bi ara yín pé: bí agbábọ́ọ̀lù kan kò bá wá, kí ni yóò bàjẹ́?